Orúkọ Tí Mo Fò Nínú Àáró

Agogo mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú méjìlá ni, ní ọ̀sán Sátidé kan nínú oṣù kẹfà. Àwa mẹ́ta la kù nínú yàrá òkè ilé ìkàwé: èmi, Hẹ́lẹ́nì tó ń kọ́ wa ní kọ̀ǹpútà, àti Hódàn, obìnrin ará Sòmálíà tó máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àwọn yòókù ti lọ sílé. Mo ń fi iṣẹ́ mi hàn wọ́n, nítorí pé ní Sátidé tó ń bọ̀ ni kálukú yóò dìde níwájú kíláàsì láti ṣàlàyé ohun tó ṣe.

Hódàn na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà mi, ó ń ka orúkọ bọ̀ láti òkè. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ó tún padà sókè.

"Bàbá," ló pè mí. Òun nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. "Obìnrin yẹn dà? Èyí tí ẹ ní ó máa ń se ẹ̀wà fún gbogbo wọn lóko."

"Ó wà níbẹ̀."

"Ẹ fi hàn mí."

Mo wò ó. Mo tún un wò. Ìyá Bọ́sẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Ìyàwó mi ti kú; Ìyá Bọ́sẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Opó ni òun náà. Àtòjọ tó wà lójú kọ̀ǹpútà yẹn, mo ti fi ránṣẹ́ sílé láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn, òun sì ni wọ́n fi ń mọ oko ẹni tó kàn láti ro ní Ògìdì, ìlú wa. Ó yẹ kí wọ́n ti ro oko rẹ̀. Wọn kò ro ó. Èmi ni mo sì fa á.

Ọdún mẹ́rin ni mo ti wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ mi obìnrin, Dúpẹ́, tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbí, ló ní kí n máa bọ̀ lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú. Ìlú tó wà jìnnà sí tèmi. A máa ń rí ara wa lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Kí n tó wá, òtútù ni gbogbo ènìyàn ń sọ fún mi. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nípa ìdákẹ́jẹ́. Ní ilé wa, bí mo bá jáde láàárọ̀, kí n tó dé oríta, ẹnu mi yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó fún kíkí. Okun ni wọ́n fi ń kí mi, okun ni mo fi ń dáhùn. Okun là ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, òun náà là ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Níbí, mo rìn láti ilé dé ibi iṣẹ́, kò sẹ́ni tó wo ojú mi. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo kí obìnrin kan tí a jọ ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ó gbé àpò rẹ̀ kúrò lápá ọ̀dọ̀ mi, ó gbé e sí apá kejì.

Aṣọ ibùsùn ni mo ń fọ̀, ní ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Iṣẹ́ náà kò le fún ẹni tó ti kọ ebè láti kékeré. Ohun tó le ni pé mo ń dá a ṣe. Yàrá kan, ẹ̀rọ mẹ́rin, èmi nìkan. N kò dá ṣiṣẹ́ rí kí n tó débí. Lóko wa, bí o bá gbé orí sókè, ẹnì kan wà ní poro kejì, ẹnì kan sì ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọwọ́ rẹ kò yá.

Mo lọ sí ìjọ tí àwọn ọmọ Yorùbá ń lọ. Lẹ́yìn ìsìn, ọkùnrin kan gbọ́rọ̀ lẹ́nu mi, ó bi mí ibi tí mo ti wá. Mo ní Kabba, ní Ìpínlẹ̀ Kogí.

"Kogí? Haúsá ni yín nìyẹn."

"Yorùbá ni wá."

"Yorùbá wo? Èyí tó ń jẹ túwó?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ. Àwọn ará Àríwá ní ti Gúúsù ni wá, àwọn ará Gúúsù ní ti Àríwá ni wá. N kò mọ̀ pé èèyàn lè gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sọdá òkun. Mo ṣì ń lọ sí ìjọ náà, ṣùgbọ́n mo dín ọ̀rọ̀ kù. Ọ̀rọ̀ mi kò sì pọ̀ tẹ́lẹ̀.

Mo pẹ́ kí n tó wọ ilé ìwé. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí ní kíláàsì kìíní, nítorí oko bàbá mi. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni mí nígbà tí mo parí sẹ́kọ́ńdírì ní Kabba, àwọn tí a jọ jókòó sì ń pè mí ní Bàbá Kíláàsì. Nítorí náà, nígbà tí mo rí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìkàwé, pé wọ́n ń kọ́ àgbàlagbà tí kò mọ nǹkan kan ní bí a ṣe ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, n kò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ìtìjú yẹn, mo ti tì í tán láti ọdún náà.

Hẹ́lẹ́nì kéré sí mi dáadáa, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kìíní ló ti ń fi orúkọ tí ìyá mi sọ mí pè mí, láìfi nǹkan kan síwájú rẹ̀. Ó gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó mọ́ mi létí.

Ohun tó kọ́kọ́ kọ́ wa ni àtòjọ àti lúùpù. Ó ní àtòjọ ni kí o to orúkọ, tàbí ohun yòówù, tẹ̀lé ara wọn. Lúùpù ni yóò máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí ẹni àkọ́kọ́ dé orí ẹni ìkẹyìn, kó ṣe fún ẹni kejì ohun tó ṣe fún ẹni kìíní. Nígbà tí àwọn tó kù ń họ orí, mo jókòó jẹ́ẹ́. Mo ní nínú mi pé, àáró nìyí.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwa ń ṣe é. Ènìyàn mọ́kànlá, oko mọ́kànlá. Ní Túsìdé yìí, gbogbo wa yóò lọ sí oko ẹnì kan. Ní Túsìdé tó ń bọ̀, ó di ti ẹni tó kàn, títí yóò fi yí gbogbo wa ká. Bàbá àgbà kan ló ń tọ́jú ètò náà lórí, kò kọ ọ́ sílẹ̀ rí, kò sì ṣì í rí. Nígbà tó kú, ìjà bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi Ṣọlá, tó ń mójú tó oko tiwa, ló ń ròyìn rẹ̀ fún mi lórí fóònù.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹni méjì ló wá sọ pé Túsìdé yìí ni tàwọn. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ara wọn lọ́kọ́."

"Kọ orúkọ wọn fún mi," ni mo wí. "Kọ wọ́n bí wọ́n ṣe dàgbà jura wọn."

Hẹ́lẹ́nì ti ní kí kálukú mú iṣẹ́ kan wá láti inú ayé ara rẹ̀. Mo ti rí tèmi.

Ọ̀rọ̀ Ìyá Bọ́sẹ̀ ló kọ́kọ́ dí wa lọ́wọ́. Àwọn kan ní kò yẹ kí ó wà nínú àáró mọ́. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Àbújá, kò ní ọkùnrin tí yóò rán wá sí oko àwọn ẹlòmíràn. Wọ́n ń ṣe ìpàdé lórí rẹ̀ lọ́wọ́, Ṣọlá sì gbé fóònù sáàárín wọn kí n lè gbọ́.

"Oúnjẹ tí ẹ ń jẹ lóko ní gbogbo Túsìdé," ni mo bi wọ́n, "ta ló ń sè é?"

Mo tún bi wọ́n:

"Ta ló ń ru omi?"

Bàbá Ayọ̀, tó dàgbà jù nínú wọn, wá ní, "Ẹ fi obìnrin náà sílẹ̀ níbi tó wà." Ipò kẹfà ló wà. Bàbá Fúnṣọ́ ló ṣáájú rẹ̀.

Àṣìṣe mi kìíní pa kíláàsì lẹ́rìn-ín. Òdo ni kọ̀ǹpútà ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà, kì í ṣe ọ̀kan. Ẹni àkọ́kọ́ nínú àtòjọ, òdo ni ipò rẹ̀. Mo wo orúkọ Bàbá Ayọ̀, mo wo òdo. Kò ṣeé ṣe. Báwo ni n ó ṣe fi ẹni tó bá bàbá mi ṣeré sí ipò asán? Mo fi ipò òdo sílẹ̀ lófìfo, mo fi bàbá sí ọ̀kan. Nígbà tí kọ̀ǹpútà tẹ iṣẹ́ jáde, ó kọ ọ́ pé ní ọ̀sẹ̀ kìíní, kí gbogbo ènìyàn lọ sí oko, kò sì dárúkọ ẹni tó ni oko.

"Oko ta nìyí?" ni Hẹ́lẹ́nì bi mí.

Mo ṣàlàyé. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú.

"Nínú kọ̀ǹpútà," ló wí, "òdo ni àga iwájú."

"Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí bàbá jókòó."

Àṣìṣe kejì kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín, nítorí pé kò sẹ́ni tó rí i. Lópin oṣù kẹrin, ọ̀kadà kọ lu Bàbá Fúnṣọ́ ní ọ̀nà Kabba, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Ó ní òun kò ní lè dá oko lọ́dún yìí, kí wọ́n yọ òun. Mo wá kọ ọ́ sínú ètò náà pé bí lúùpù bá ti ń lọ, tó bá kan ẹni tó ti kúrò, kó yọ ọ́. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kó kọ ọ̀sẹ̀ tí oko rẹ̀ kàn. Mo wò ó, orúkọ Bàbá Fúnṣọ́ ti lọ. Inú mi dùn. Mo fi ránṣẹ́ sí Ṣọlá.

Ó pè mí lẹ́yìn ìpàdé. Ariwo àwọn ènìyàn ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ìjà ti tán! Wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́. Bàbá Ayọ̀ ní kí n bi yín, ṣé kọ̀ǹpútà náà lè bá òun ka ìwé ilẹ̀?"

Mo ra odindi adìyẹ lọ́jọ́ náà, mo sè é, mo dá a jẹ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó pẹ́ tí mo ti ṣe nǹkan tí ẹlòmíràn rí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí, bí Hẹ́lẹ́nì ṣe fi hàn mí ní Sátidé yẹn. Ẹ wo àwọn ènìyàn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, tí ẹnì kan ń bu omi fún wọn láti ìpẹ̀kun. Ó bu fún ẹni kìíní dé ẹni kẹrin. Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ ẹni karùn-ún, ẹni yẹn dìde, ó lọ. Àwọn tó kù sún mọ́ ara wọn kí àyè má ṣófo. Ẹni kẹfà bọ́ sí ipò karùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bu omi ti ka ipò karùn-ún sí èyí tí òun ti ṣe tán. Ó ṣísẹ̀ kan síwájú. Ẹni keje ló bá níbẹ̀. Ẹni kẹfà jókòó, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, kò sì sẹ́ni tó fò ó tìkà-tìkà.

"Kí ló dé tí kò fi pariwo?" ni mo bi í. "Bí mo bá gbàgbé àmì kékeré kan, ó ń pariwo."

"Kò mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Ohun tí o ní kó ṣe ló ṣe."

Ó ní kì í ṣe ìgbà tí a bá ń pe orúkọ la ń yọ orúkọ. Kí n ṣe àtòjọ tuntun, kí n kó àwọn tó kù sínú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni kí lúùpù tó bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n. Ilé ìkàwé yóò tì ní agogo márùn-ún. A ṣe é tán nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Hódàn ló kà á. Ó ka ènìyàn mẹ́wàá, ó sì fi ìka tẹ Ìyá Bọ́sẹ̀ lórí.

Mo jókòó sórí àga ìta tó wà níwájú ilé ìkàwé, mo pe Ṣọlá.

"Ṣọlá, ẹ ò ro oko Ìyá Bọ́sẹ̀."

"Kò sí nínú ìwé."

"O mọ̀ pé ó yẹ kó wà níbẹ̀."

"A rò pé ẹ̀yin lẹ yọ ọ́ ni, Bọ̀ọ̀dá. Àwọn kan ní bóyá ẹ ti tún un rò."

"Kí ni òun sọ?"

"Kò sọ nǹkan kan. Ó se ẹ̀wà bó ṣe máa ń sè é."

Mo pa fóònù. Lẹ́yìn náà mo pe Ìyá Bọ́sẹ̀.

"Okun o, Bàbá Dúpẹ́," ló wí. Ohùn rẹ̀ tutù.

"Okun, Ìyá Bọ́sẹ̀. Oko ńkọ́?"

"Oko wà."

"Koríko ńkọ́?"

"Koríko kì í dúró de ìpàdé."

Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. N kò sọ̀rọ̀ bẹ́ǹṣì. Mo ní a ti fo orúkọ rẹ̀, àti pé kò yẹ bẹ́ẹ̀.

"Kọ̀ǹpútà ló fò ó, tàbí ẹ̀yin?"

"Èmi ni. Èmi ni mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. N kò mọ̀ọ́mọ̀."

Ó mí kanlẹ̀. "Ó ń lọ sí ọ̀sẹ̀ méjì, Bàbá Dúpẹ́. Bí àbúrò mi bá wà láyé, ṣé yóò tó bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó bi mí léèrè oko?"

"Kò ní tó bẹ́ẹ̀."

"Ó dáa. Mo ti gbọ́." Ó pa fóònù.

Òótọ́ ló sọ. Nígbà tí ìyàwó mi wà, òun ló ń bá gbogbo ilé sọ̀rọ̀, tí èmi ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí mo ń mi orí. Láti ìgbà tó ti lọ, Ṣọlá nìkan ni mo ń pè, mo sì ń rò pé mo ti pe ilé. Mo máa ń sọ fún ara mi pé ẹni tó wà lókèèrè kò sí nílé mọ́, kí ló kù tó lè bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Oko opó kan ti kún fún koríko nítorí ìlà méjì tí mo kọ nínú yàrá kan tí kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè mi. N kò tíì kúrò ní Ògìdì.

Mo tún pe Ṣọlá.

"Túsìdé yìí, oko ta ló kàn?"

"Tiwa."

"Ẹ lọ sí tirẹ̀."

"Bọ̀ọ̀dá! Ẹ ò rí koríko tiwa ni. Ó ti dé orúnkún."

"Tirẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ti ń gun ọ̀pá iṣu lọ."

"Ẹ lọ sí tirẹ̀. Kí tiwa kẹ́yìn."

"Ìkẹyìn! Kí ni a ó bá níbẹ̀ nígbà náà? Ó dáa, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ fún wọn pé kọ̀ǹpútà ló bàjẹ́. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Rárá. Bí o bá sọ bẹ́ẹ̀, wọn yóò ní kọ̀ǹpútà gan-an mọ̀ pé kò yẹ kó wà láàárín wa. Lọ́dún tó ń bọ̀, wọn yóò yọ ọ́ lóòótọ́."

"Kí ni kí n wá sọ?"

"Má sọ nǹkan kan. Fi nọ́ḿbà gbogbo wọn ránṣẹ́ sí mi."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo jí ní agogo mẹ́fà. Nígbà ooru, agogo ibí àti ti ilé máa ń bára mu. Mo mọ̀ pé wọn kò tíì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo to orúkọ wọn sínú ìwé, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti orí Bàbá Ayọ̀.

"Èmi ni mo fo Ìyá Bọ́sẹ̀, bàbá. Kì í ṣe ẹ̀rọ, kì í ṣe ìpàdé. Ní Túsìdé, mo bẹ̀ yín, oko rẹ̀ ni kí ẹ lọ."

"Ìwọ náà ló gbèjà rẹ̀, ìwọ náà ló wá fò ó?"

"Èmi náà ni, bàbá."

"Ó dáa, ọmọ mi. A ó lọ."

Mo pe ẹni kejì. Mo pe ẹni kẹta. Ẹni kẹrin bínú. Ó ní òun ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé obìnrin náà yóò dá wàhálà sílẹ̀. Mo jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Mo wá ní, "Oko rẹ̀ ni, ní Túsìdé. Ṣé ẹ ó wá?" Ó ní òun yóò wá. Mo pe Bàbá Fúnṣọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ti yọ ọ́, mo bi í léèrè ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti kúrò nínú àáró, kò sẹ́nì kan nínú wọn tó tíì pe òun. Ó pẹ́ ká tó dágbére.

Nígbà tí mo pe gbogbo wọn tán, mo pe Ìyá Bọ́sẹ̀.

"Wọ́n ń bọ̀ ní Túsìdé," ni mo wí. "Gbogbo wọn. Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Ẹ̀yin? Ẹ bá ènìyàn mélòó sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí?"

"Gbogbo wọn."

Mo gbọ́ tó rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà ó mú ohùn le. "Ẹ ní kí wọ́n tètè dé o. Ẹni tó bá pẹ́, poro ẹ̀bá odò tí èèsún wà ni mo máa fi sílẹ̀ dè é."

Mo ní n ó sọ fún wọn. Mo padà sí òkè ìwé mi, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n.